Ilé ni a ti ń kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Àyẹ̀wò Ìgbà Àkọ́kọ́ tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn Wọ inú Ìdíje Ife Áfíríkà ní Ọdún 1976

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba African Cup Winners' Cup, ìdíje tí a gbé kalẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó ta yọ nínú ìdíje ife orílẹ̀-èdè wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà yóò wọ inú ìdíje yìí nìyẹn. Òun sì ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba ife kankan tí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà jọ ń du. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àbọ̀ àṣekágbá ìdíje náà tó yẹ kí a bi ara wa léèrè. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n gbá kẹ́yìn pátápátá, wọn kò borí nínú rẹ̀. Tonnerre ti ìlú Yaoundé ló fi ayò kan sí òdo borí wọn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Olúyọ̀lé ló gbé ife wálé.

Báwo ni ẹni tí a dá lẹ́kẹ ní ọjọ́ ìkẹyìn ṣe di olúborí? Ìbéèrè tí pépà yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá kúrò nínú ìdíje kékeré bọ́ sínú èyí tó tóbi jù ú lọ, ìṣirò eré náà ni ó ń yí padà. Ẹgbẹ́ tó bá ń bá ìṣirò àtijọ́ lọ yóò pàdánù, bó ti wù kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ mú tó. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.

Àlàyé méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn nípa ọdún 1976. Àwọn kan gbà pé àkíkanjú àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi mélòó kan ni. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ‘nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀’. A kò ní fi ọwọ́ rọ́ àlàyé méjèèjì sẹ́yìn láìgbé wọn yẹ̀ wò; a ó padà sórí wọn ní ìpín 5.0, nígbà tí a bá ti rí ohun tí a lè fi wọ̀n wọ́n.

2.0 Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ife àti líìgì

Kí àlàyé wa lè yé ènìyàn yékéyéké, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya oríṣìí ìdíje sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni ìdíje ife. Èyí kò yàtọ̀ sí ìjàkadì tí a mọ̀ nílẹ̀ wa: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti kúrò lágbo. Bí ẹgbẹ́ 32 bá wọ inú ìdíje ife, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5 péré ni ẹni tí yóò gba ife náà ní láti borí, bẹ́ẹ̀ ni 16 nínú àwọn ẹgbẹ́ náà yóò gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn yóò sì máa lọ sílé. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, oríire ọjọ́ kan lè gbé ènìyàn lọ jìnnà.

Èkejì ni líìgì. Líìgì jọ àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà. Ẹni tó dá náírà mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì rí nǹkan kan dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, kò lè bá ẹni tó ń dá náírà mẹ́ta-mẹ́ta láìyẹsẹ̀ dọ́gba nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó o. Ní ayé ìgbà tí à ń sọ yìí, àmì 2 ni ẹgbẹ́ tó bá borí ń gbà, ẹgbẹ́ tó bá gbá ọ̀mì a sì gba àmì 1. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ àmì olúborí di 3 nínú líìgì wọn ní ọdún 1981 kí ó tó tàn káyé.) Ẹgbẹ́ 12 tí wọ́n bá ń gbá líìgì, tí olúkúlùkù ń pàdé àwọn yòókù nílé àti lẹ́yìn odi, yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 kí ọdún tó parí. Oríire ọjọ́ kan kò tó ohun tí a ń gbójú lé nínú irú èyí.

Ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní ti ọdún 1976 kò jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì; ó mú nínú àbùdá àwọn méjèèjì ni. Ó jọ ife ní ti pé ẹni tó bá kùnà ń lọ sílé. Ó sì jọ líìgì ní ti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ méjì ń pàdé, lẹ́ẹ̀kan ní ìlú èkíní, lẹ́ẹ̀kan ní ìlú èkejì, tí a ó sì ro ayò ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè pàdánù ọjọ́ kan kí a sì jèrè gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń fi ojú ìjàkadì wò ó yóò rò pé ẹni tó ṣubú kẹ́yìn ló ṣòfò. Ẹni tó mọ àjọ yóò bèèrè pé èló ló wà nínú àpò.

3.0 Bí ẹgbẹ́ náà ṣe dé ibẹ̀

Ìbàdàn ti mọ ìdíje ife tipẹ́. Ẹgbẹ́ Ibadan Lions gba ife orílẹ̀-èdè ní ọdún 1959, wọ́n sì tún gbà á ní ọdún 1961. Ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gba ife kan náà. WNDC ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà náà, nítorí pé Western Nigeria Development Corporation, ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ló ni wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sábẹ́ Industrial Investment and Credit Corporation, ibẹ̀ ni IICC ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n di Shooting Stars Sports Club, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní 3SC.

Ọdún 1972 ni líìgì orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni, ọdún 1970 náà sì ni a dá ẹgbẹ́ Rangers sílẹ̀ ní Enugu. Líìgì tuntun yìí mú kí ọmọ Ìbàdàn máa rìnrìn-àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Enugu àti ní Jos, kí àwọn ará ibẹ̀ náà sì máa wá sí Pápá Ìṣeré Liberty, èyí tí a ṣí ní ọdún 1960 ní agbègbè Ring Road, tí a sì sọ ní orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010. Ẹ má ṣe gbàgbé pé kò sí òpópónà márosẹ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó títí di ọdún 1978. Ìrìn-àjò gan-an jẹ́ alátakò kan lọ́tọ̀.

Bí a bá wo àkọsílẹ̀, a ó rí i pé gbígba ife kò sọ ènìyàn di ọ̀gá nínú líìgì. Mighty Jets ti Jos ló gba líìgì àkọ́kọ́ ní 1972. Ẹgbẹ́ tó wá láti Benin ló gba ti 1973, Rangers sì gba ti 1974 àti 1975. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn tó gba ife ní 1971 kò rí líìgì gbà àfi ní 1976. A lè sọ pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe ọ̀pẹ nídìí ọpọ́n yìí kí wọ́n tó di ọ̀ta. Lójú tiwa, ọdún mẹ́rin wọ̀nyí kì í ṣe òfò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń rìn jìnnà, bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lójú èrò tó kórìíra ẹni, àti bí a ṣe ń gba ọ̀mì nígbà tí agbára kò bá gbé èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4.0 Ọdún 1976

Ọdún 1976 kò jẹ́ ọdún ìfàyàbalẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba tó ni ẹgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún yẹn ni a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní ọdún náà ni a dá ilé-iṣẹ́ Odù'a Investment sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn ohun-ìní tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jogún. Lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ọba ń pín fáìlì àti àga, tí àwọn kan ń palẹ̀ mọ́ lọ sí Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí owó ìpínlẹ̀ àtijọ́ tọ́ dàgbà ń palẹ̀ mọ́ lọ sí òkè òkun.

Alan Hawkes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Lára àwọn agbábọ́ọ̀lù tí òkìkí wọn kàn ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìbàdàn, àti Mudasiru Lawal, tó ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì rí kí bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde. Nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n borí Zamalek ti ìlú Kairo, ẹgbẹ́ tí a ó tún pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú pépà yìí.

Ní àṣekágbá, Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé. Ọwọ́ àwọn yìí ni ife náà wà, nítorí pé àwọn ni wọ́n gbà á nígbà tí ìdíje náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975. Roger Milla wà lára wọn, ẹni tí a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní ọdún 1976 gan-an. Àwọn ọmọ Ìbàdàn gbá ayò 4 sí 1 wọlé nílé. Ní Yaoundé, wọ́n pàdánù ní òdo sí 1. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4 sí 2.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo àròpọ̀ yìí. Ayò kẹrin tí wọ́n gbá wọlé nílé kò wúlò lójú ẹni tó ń ronú bí oníjàkadì. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kí ni a tún ń wá? Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó mọ irú ìdíje tí a wà nínú rẹ̀, ayò náà jẹ́ owó ọ̀nà. Bí wọ́n bá dúró sórí 2 sí 1 nílé, òdo sí 1 ti Yaoundé ì bá sọ ọ́ di 2 sí 2. Ayò mẹ́ta tí wọ́n fi ju Tonnerre lọ nílé ni wọ́n fi ra ẹ̀tọ́ láti pàdánù lójú àlejò.

5.0 Àfiwé àṣekágbá mẹ́rin

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn ọdún kan kò tó láti fi dá òfin sílẹ̀. Òótọ́ ni. Nítorí náà, a fi àṣekágbá mẹ́ta mìíràn tí ẹgbẹ́ náà gbá ní ilẹ̀ Áfíríkà wé ti 1976.

(i) Ní 1984, nínú ìdíje àwọn akọgun líìgì, Zamalek borí wọn ní 2 sí òdo ní Kairo, ó sì tún borí wọn ní 1 sí òdo ní Èkó.

(ii) Ní 1992, nígbà tí a kọ́kọ́ gbé CAF Cup kalẹ̀, wọ́n gbá ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Nakivubo Villa ní Kampala, wọ́n sì borí ní 3 sí òdo ní Ìbàdàn. Wọ́n gba ife.

(iii) Ní 1996, nínú ìdíje àwọn akọgun líìgì lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n borí Zamalek ní 2 sí 1 ní Ìbàdàn, Zamalek sì borí wọn ní 2 sí 1 ní Kairo. Pẹ́nárítì ló yà wọ́n, Zamalek gbá 5 wọlé, Shooting Stars gbá 4.

Bí a bá ro ó pọ̀, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n gbá lẹ́yìn odi nínú àṣekágbá, wọn kò borí nínú ìkankan. Ayò 1 péré ni wọ́n gbá wọlé, 5 ni wọ́n gbà sínú àwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọdún tí wọ́n gba ife, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọdún tí wọn kò gbà á. Nílé ni ìyàtọ̀ wà. Ní 1976 àti 1992 tí wọ́n gba ife, ayò 3 ni wọ́n fi ju alátakò lọ nílé. Ní 1996, ayò 1 ni. Ní 1984, wọ́n pàdánù nílé.

Ẹnìkan tún lè rò pé bóyá ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá tirẹ̀ lẹ́yìn odi ló ń jàǹfààní. Àkọsílẹ̀ kò gbe èrò yìí. Ní 1976 àti 1996, ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá a. Ọ̀kan bọ́ sí i, ọ̀kan kò bọ́ sí i. Ní 1984 àti 1992, ẹ̀yìn odi ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọ̀kan bọ́ sí i, ọ̀kan kò bọ́ sí i.

Ní báyìí, a lè padà sórí àlàyé méjì tí a mẹ́nu bà nínú ìfáárà. Ẹni tó ní oògùn ni yóò sọ fún wa ìdí tí oògùn náà kò fi ràn lẹ́yìn odi nínú ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìdí tí kò fi jẹ́ nílé ní 1984. Ní ti àkíkanjú, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́gbàmí tó wà nínú ẹgbẹ́ ní 1976 wà nínú rẹ̀ ní 1984 pẹ̀lú, ọdún tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Akọni kan kò tó ogun í jà bí ìṣirò bá ti dojú rú.

6.0 Ohun tó wà lẹ́yìn ìṣirò

Kí ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan lè kó ayò jọ nílé ní ìgbà kan, kí ó má lè kó o jọ ní ìgbà mìíràn? A gbà pé ètò ìgbésí ayé àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀. Kò sí líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Nàìjíríà títí di ọdún 1990. Ohun tó dípò rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́: ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ní tirẹ̀ ní Èkó, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní tirẹ̀, WNDC náà sì ní tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ tó ni ẹgbẹ́ lè fún agbábọ́ọ̀lù ní iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò dúró lé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá dá a lójú kò ní láti ṣí kiri, ẹgbẹ́ tí kò bá sì tú ká ni ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ń mọ ara wọn.

Èrè rẹ̀ kò mọ sí Ìbàdàn nìkan. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tó borí Algeria ní 3 sí òdo ní Èkó. Ọdẹ́gbàmí gbá 2 wọlé, Lawal gbá ẹ̀kẹta, Best Ogedegbe ló sì ń ṣọ́ ilé. Láti inú Shooting Stars ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Àwọn tí wọ́n ti mọ bí Kairo àti Yaoundé ṣe rí kò lè gbọ̀n nígbà tí wọ́n rí Algeria.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé Rangers nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1977, nígbà tí IICC fẹ́ dáàbò bo ife rẹ̀, Rangers ni wọ́n pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Pẹ́nárítì ló yà wọ́n, Rangers ló sì lọ gba ife náà lọ́wọ́ Canon ti Yaoundé. Kò tí ì pé ọdún mẹ́jọ tí ogun parí nígbà tí Ìbàdàn àti Enugu jọ ń du ohun tó ga jù lọ lórí pápá, tí ọ̀kan ń gba ipò lọ́wọ́ èkejì. Líìgì ọdún 1972 ló tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà.

7.0 Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀

Bí a bá ní ìwà ìdíje ńlá ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kọ́kọ́ san owó ìkọ́ṣẹ́, àpẹẹrẹ mìíràn wà nítòsí wa. Ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ kọ́kọ́ wọ inú líìgì tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2017, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì já padà sílẹ̀. Àwọn kan ì bá ti ní kò sí ohun rere kan tó lè ti ibẹ̀ wá. Ní ìparí ìdíje ọdún 2024 sí 2025, àwọn ni wọ́n gba líìgì náà. Ní ọdún 2017 yìí kan náà ni Shooting Stars, pẹ̀lú gbogbo ife àtijọ́, já kúrò nínú líìgì gíga. Ìdíje ọdún 2021 sí 2022 ni wọ́n tó padà sí i. Ọ̀kan ń kọ́ṣẹ́, èkejì ti kọ́ ọ rí. Ìdíje ńlá kò béèrè ohun tí baba ẹni jẹ́ lánàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí à ń kọ ìtàn nìyí. Bí a bá ń sọ ọdún 1976 fún àwọn ọmọ wa bí ìtàn àwọn akọni nìkan, a ó máa retí kí akọni mìíràn sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá nígbà gbogbo tí ẹgbẹ́ bá ń já. Bí a bá sì ń sọ ọ́ bí ìtàn oògùn, a ó ná owó síbi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ bí ìtàn ètò, ìyẹn ọdún mẹ́rin ìkọ́ṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ń fẹ̀yìn pọ̀n ọ́n, àti ayò tí a kó jọ nílé kí a tó ròde, a ó mọ ohun tí a lè tún ṣe.

8.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé bí IICC ṣe pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn ní 1976 tí wọ́n sì gba ife kì í ṣe àràmàǹdà. Ìdíje tí wọ́n wọ̀ ní ìṣirò tirẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ irú ìṣirò náà nínú líìgì kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àṣekágbá mẹ́rin kò pọ̀, a kò sì sọ pé òfin tí kò ní yíyẹ̀ ni a rí nínú wọn. Yóò dára kí ẹlòmíràn ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún Rangers àti fún Bendel Insurance, kí a lè mọ̀ bóyá ohun tó rí bẹ́ẹ̀ fún Ìbàdàn rí bẹ́ẹ̀ fún Enugu àti Benin.

Ṣùgbọ́n ní ti Ìbàdàn, ohun tí àkọsílẹ̀ wí bá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mu. Láti 1976 dé 1996, ẹgbẹ́ yìí kò mú ẹ̀ṣọ́ kankan bọ̀ láti òde nínú àṣekágbá. Ọdún tí wọ́n bá ti kó o jọ nílé ni wọ́n ń rí i lò.